Òǹkàwé Kì Í Ṣe Ọ̀rẹ́: Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀

Assalāmu alaykum wa rahmatullāhi wa barakātuh.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó tún jẹ́ ká rí Jímọ̀ òní. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàháábà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ nǹkan síta bíi tèmi, ó sì kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á. Ẹni tó bá ti ń kọ̀wé sí gbangba fún ìgbà pípẹ́ á dé ibì kan tí á ti máa rò pé òun ti ní ọ̀rẹ́ rẹpẹtẹ. Ẹni tí kò rí i rí ń pè é ní ọmọ ìyá òun. Ẹlòmíì ń ṣàdúà fún un, ẹlòmíì ń bínú tí kò bá kọ nǹkan lọ́sẹ̀ kan. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Àmọ́ nínú gbogbo wọn, ta ló mọ̀ bóyá mo kírun Ṣúbúhì lásìkò láàárọ̀ yìí? Ta ló mọ bí mo ṣe ń bá ará ilé mi sọ̀rọ̀ tí inú bá ń bí mi? Ohun tí mo bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, torí èmi ni mo ń yan ohun tí mo máa kọ. Òǹkàwé ni wọ́n, kí Ọlọ́hun bá mi bù kún wọn, ṣùgbọ́n òǹkàwé kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ lẹni tó mọ ohun tí mi ò kọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Nínú Suratuz-Zukhruf, aaya 67, Ó sọ fún wa pé lọ́jọ́ Àlùkìyámà àwọn ọ̀rẹ́ kòríkòsùn á di ọ̀tá ara wọn, àyàfi àwọn tó bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ẹ wò ó dáadáa: kì í ṣe àwọn tó ń bá ara wọn jà láyé ni aaya yìí ń bá wí, àwọn tó fẹ́ràn ara wọn dénú ni. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ti ayé nìyẹn, kò burú jù. Èyí tó le ni kí ọ̀rẹ́ méjì jọ dé ọ̀run, kó wá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa gé ara wọn lépè.

Suratul-Furqan, aaya 27 sí 29, sọ̀rọ̀ nípa alábòsí kan tí á máa gé ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ náà, tí á máa wí pé: "Mo gbé o! Ìbá ṣe pé mi ò mú lágbájá ní ọ̀rẹ́ àyò!" Àwọn onítúmọ̀ Àlùkùránì mú ìtàn ọ̀rẹ́ méjì wá sábẹ́ aaya yìí, Uqbah ọmọ Abi Mu'ayt àti Ubayy ọmọ Khalaf, ará Mẹ́kà làwọn méjèèjì. Uqbah se àsè, ó pe Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) sí i, Òjíṣẹ́ sì ní òun ò ní fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀ àfi tó bá jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Allāhu. Uqbah jẹ́rìí. Ubayy ò sí nílé nígbà yẹn. Nígbà tó dé tó gbọ́, ó ní ojú òun àti ojú Uqbah ò gbọdọ̀ pàdé mọ́, àfi tó bá lọ tutọ́ sí Ànábì lójú. Uqbah sì lọ. Ó rọrùn fún un láti pàdánù Ọlọ́hun ju kó pàdánù Ubayy lọ. Lẹ́yìn ogun Badr tí àwọn mùsùlùmí bá àwọn ará Mẹ́kà jà lọ́dún 624, wọ́n mú un lóǹdè, wọ́n sì pa á. Ubayy fara gbọgbẹ́ ní ogun Uhud lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọgbẹ́ náà ló pa á.

Ohun tó máa ń mú mi ronú níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó fi ẹ̀rí han Uqbah pé irọ́ ni ohun tó jẹ́rìí sí. Kò sí àríyànjiyàn kankan. Ojú ọ̀rẹ́ ló wò tó fi ṣe é. Lóde òní, Ubayy tiwa lè má jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó ń tẹ̀ lé wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó mọ òtítọ́ kan, tó sì gbé e mì torí kí àwọn èèyàn má baà fi òun sílẹ̀, ọ̀nà Uqbah ló ń tọ̀, bí ò tiẹ̀ tutọ́ sí ẹnikẹ́ni lójú. Tí mo bá kọ̀wé lórí àdúà tó ń ṣí ọ̀nà arísìkí, àwọn èèyàn a máa pín in káàkiri. Tí mo bá kọ ọ́ lórí owó èlé, lórí gbèsè tá a lówó rẹ̀ lọ́wọ́ tá ò san, tàbí lórí ogún àwọn ọmọ òrukàn tí àwọn àgbà ẹbí gbẹ́sẹ̀ lé, ibẹ̀ a dákẹ́. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó kọ.

Irú ọ̀rẹ́ tí mo ń wá ni Salman. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) so àwọn sàháábà pọ̀ bí ọmọ ìyá ní Mẹ̀dínà, Salman ọmọ ilẹ̀ Páṣíà ló bọ́ sọ́dọ̀ Abu Darda. Salman bẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ kan, ó rí ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ tó ti gbó, ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà fèsì pé, "Ọmọ ìyá rẹ Abu Darda, kò ní ohunkóhun í ṣe láyé yìí mọ́." Gbólóhùn kan péré, Salman sì ti gbọ́ èyí tó kù. Abu Darda dé, ó gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún àlejò, ó ní kó jẹun, ààwẹ̀ lòun wà. Salman ní òun ò ní jẹ àfi tí ìwọ náà bá jẹ. Ó jẹ. Ilẹ̀ ṣú, Abu Darda dìde láti máa kírun òru, Salman ní sùn. Ó tún dìde, Salman tún ní sùn. Nígbà tó di apá ìgbẹ̀yìn òru ló wá ní, "Ó yá, dìde báyìí," àwọn méjèèjì sì jọ kírun. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé Olúwa rẹ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ, ara rẹ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ, ará ilé rẹ náà ní ẹ̀tọ́ lára rẹ, fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Abu Darda gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Ànábì lọ. Ìdáhùn Ànábì kò gùn: "Òdodo ni Salman sọ." Inú ìwé Bukhari, tó kó adìísì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, jọ ló wà.

Ká ní Abu Darda ń kọ̀wé bíi tiwa ni, tó kọ ọ́ síta pé ojoojúmọ́ lòun ń gbààwẹ̀, òun kì í sùn lóru, ìyìn ni gbogbo wa ì bá máa kó fún un. Māshā Allāh ì bá kún ibẹ̀. Kò sẹ́ni tí ì bá rí aṣọ ìyàwó. Salman rí i torí pé inú ilé ló wà.

Ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ àṣírí, torí ibẹ̀ ni àwa tá à ń kọ̀wé ti ń ṣe aburú jù. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) sọ, nínú adìísì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, pé tí èèyàn bá sọ ọ̀rọ̀ kan, tó wá wẹ̀yìn wò, àgbàfipamọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ gbọ́ ọ o. Kò dìgbà tó bá sọ pé "má sọ fẹ́nì kankan." Wíwò tó wẹ̀yìn wò ti tó. Àbí báwo lọ̀rẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó ń bàjẹ́, ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí, ọ̀rọ̀ ọmọ tó yàyàkuyà, tí kò ní wẹ̀yìn wò? Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń dùn ún kọ jù. Omijé wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, àwọn èèyàn á sì kà á dópin. Àwáwí tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ni pé a ti yí orúkọ padà. Ta la yí i padà fún? Àwọn ará ilé rẹ̀ á mọ̀. Kódà kí gbogbo ayé má mọ̀, òun fúnra rẹ̀ á kà á, á mọ ara rẹ̀ níbẹ̀, á sì mọ̀ pé lọ́jọ́ tí òun ń sunkún, ẹni tó jókòó ti òun ti ń wá bí á ṣe bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Òfin tí mo fi de ara mi ni pé ọ̀rọ̀ ẹni tó bá finú hàn mí kì í wọ inú ohun tí mò ń kọ, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, tó sì ti kà á kó tó jáde. Ọ̀pọ̀ ìwé tó dùn ni òfin yìí ti pa. Kó máa pa wọ́n lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi "òótọ́ ṣáà ni mo sọ" tàn yín. Wọ́n bi Ànábì (SAW) léèrè ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé tí ohun tí mo sọ nípa ọmọ ìyá mi bá wà lára rẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Ó ní tó bá wà lára rẹ̀, o ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn nìyẹn. Tí kò bá sì sí lára rẹ̀, o ti parọ́ mọ́ ọn. Suratul-Hujurat, aaya 12, ti sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn jọ: ẹran ara ọmọ ìyá ẹni tó ti kú ni à ń jẹ. Òkú kò lè gbà ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tá a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta, tí kò ní ibi tí á ti fèsì, kò yàtọ̀.

Àṣírí ti ara ẹni náà ńkọ́? Àṣà kan ti gbòde báyìí pé kéèyàn máa tú gbogbo ohun tó ti ṣe síta, ká lè sọ pé òun jẹ́ olóòótọ́ èèyàn. Adìísì Bukhari àti Muslim sọ pé gbogbo ìjọ Ànábì ló wà nínú àmójúkúrò àyàfi àwọn tó ń polongo ẹ̀ṣẹ̀: ẹni tó ṣe nǹkan lóru, tí Ọlọ́hun bò ó láṣìírí, tó wá di àárọ̀ tó ń sọ pé "lágbájá, báyìí báyìí ni mo ṣe lánàá." Aṣọ tí Ọlọ́hun fi bò ó ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí. Ìrònúpìwàdà kò nílò òǹkàwé.

Nípa ìgbàgbọ́, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ kàn án. Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé ó tọ́ kí mùsùlùmí ní ọ̀rẹ́ tí kì í ṣe mùsùlùmí. Èsì mi ni Mut'im ọmọ Adiyy. Nígbà tí àwọn ará ìlú Ta'if lé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) lókùúta, tí kò rọrùn fún un láti padà wọ Mẹ́kà, abọ̀rìṣà yìí ló gbà á sábẹ́ ààbò rẹ̀, tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde tàwọn ti ohun ìjà. Mut'im kò gba Ìsìláàmù títí tó fi kú. Síbẹ̀, lẹ́yìn ogun Badr, nígbà tí àádọ́rin òǹdè wà nílẹ̀, Ànábì ní tí Mut'im bá wà láàyè ni, tó sì bẹ òun nítorí wọn, òun ì bá fi gbogbo wọn sílẹ̀ fún un. Ẹni tó ti kú, tí ẹ̀sìn wọn ò pa pọ̀, oore rẹ̀ ṣì wà lọ́kàn Ànábì. Lọ́dún 622 pẹ̀lú, nígbà tí àwọn Quraysh, ẹ̀yà tó ń ṣàkóso Mẹ́kà, ń wá Ànábì àti Abubakar kiri láti pa wọ́n, ẹni tí wọ́n gbà pé kó mú wọn gba ọ̀nà Mẹ̀dínà, Abdullah ọmọ Urayqit, ẹ̀sìn Quraysh ló ṣì ń ṣe. Wọ́n fi ràkúnmí wọn méjì sọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀mí wọn lé e lọ́wọ́. Kò dà wọ́n. Suratul-Mumtahanah, aaya 8, ti là á yéni pé Ọlọ́hun kò kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa àti déédéé sí àwọn tí kò gbógun tì wá torí ẹ̀sìn. Ìyẹn ò sọ ẹ̀sìn di àdàlù o. Tiyín ni ẹ̀sìn yín, tèmi ni ẹ̀sìn mi. Orí ìlà tó hàn kedere báyẹn ni ọ̀rẹ́ ti lè dúró láìsí ìtànjẹ.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni àwa tá a jọ ń kírun. Ó ti wá rọrùn fún àwọn kan nínú wa láti bá aláìgbàgbọ́ rẹ́rìn-ín ju kí wọ́n kí mùsùlùmí tó na ọwọ́ sílẹ̀ lórí ìrun dípò kó ká a sáyà lọ.

Ní ti àwùjọ, ìtàn kan ṣoṣo tó fún mi. Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) ń bọ̀ láti ogun Banu Mustaliq, ìyá wa Aishah, ìyàwó Ànábì tó jẹ́ ọmọ Abubakar, wá ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ tó sọnù lọ, ogun ṣí láìmọ̀ pé kò sí nínú ìjókòó oníbòrí tó wà lẹ́yìn ràkúnmí, Safwan, ọmọ ogun tó ṣẹ́kù sẹ́yìn, ló rí i tó sì gbé e wálé. Ìyẹn náà ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Abdullah ọmọ Ubayy, olórí àwọn múnááfíkì, ló gbé irọ́ dìde pé nǹkan wà láàárín Aishah àti Safwan, àmọ́ kì í ṣe àwọn múnááfíkì nìkan ló gbé e kiri. Mùsùlùmí tòótọ́ wà lára wọn: Hassan akéwì, Mistah tó jagun Badr, Hamnah ọmọ Jahsh. Fún nǹkan bí oṣù kan ni ìlú fi ń sọ ọ́, tí wàhíyì, ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́hun ń sọ̀ kalẹ̀ fún Ànábì, kò sì dé. Nígbà tó dé, nínú Suratun-Nur, Ọlọ́hun sọ fún wọn pé ahọ́n ni ẹ fi ń gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ara yín, ẹ rò pé nǹkan kékeré ni, nǹkan ńlá sì ni lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ẹ kíyè sí i: ahọ́n ni wọ́n fi gbà á. Etí ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà á, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkàn, kí ọkàn yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n fo ibẹ̀ yẹn. Lónìí, àtàǹpàkò la fi ń gbà á. A ò tíì kà á tán tá a ti fi ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn, a ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé bá a ṣe gbà á la ṣe fi ránṣẹ́. Èyí gan-an ni Ànábì (SAW) sọ pé ó tó èèyàn ní irọ́, kó máa sọ gbogbo ohun tó bá ti gbọ́.

Zaynab ọmọ Jahsh, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Hamnah yẹn, ìyàwó Ànábì ni òun náà, òun sì ni Aishah fúnra rẹ̀ sọ pé ó máa ń bá òun díje nílé Ànábì. Ànábì bi í pé kí ló mọ̀ nípa Aishah. Ẹ ronú sí àǹfààní tó ṣí sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Mò ń ṣọ́ etí mi, mò ń ṣọ́ ojú mi. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ àfi dáadáa." Orogún ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ àwọn ọ̀rẹ́ tí kò lè sọ ìdajì rẹ̀.

Mistah tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìbátan Abubakar ni, Abubakar ló sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ọkùnrin tó ń jẹ lọ́wọ́ rẹ ló lọ ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ bẹ́ẹ̀ ní ìgboro. Abubakar búra pé òun ò ní fún un ní nǹkan kan mọ́, kò sì sí ẹni tí á sọ pé ó ṣàṣejù. Ni aaya 22 nínú Sura yẹn kan náà bá sọ̀ kalẹ̀: kí àwọn ọlọ́lá nínú yín má búra pé àwọn ò ní fún ìbátan àti aláìní mọ́, kí wọ́n ṣàforíjì, ṣé ẹ̀yin ò fẹ́ kí Ọlọ́hun forí jì yín ni? Abubakar ní, "Mo fẹ́ o, mo fi Ọlọ́hun búra," ó sì dá owó Mistah padà. Mo ti wá àlàfo nínú aaya yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ tó bá mi lórúkọ jẹ́. Mi ò rí i. Ànábì sì ti ní kò tọ́ fún mùsùlùmí láti bá ọmọ ìyá rẹ̀ yodì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, tí wọ́n bá pàdé kí eléyìí kọjú síbí, kí tọ̀hún kọjú sọ́hùn-ún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sálámà nínú wọn ló sàn jù.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù fún àwa òǹkọ̀wé, kò sì dùn. Abu Hurayrah gba adìísì wá, ó wà nínú ìwé adìísì Muslim, pé lára àwọn ẹni mẹ́ta tí wọ́n máa kọ́kọ́ dá lẹ́jọ́ ni ẹni tó kọ́ ìmọ̀ tó sì fi kọ́ àwọn èèyàn. Á ní nítorí Ọlọ́hun lòun ṣe é. Wọ́n á ní irọ́ lo pa, torí kí wọ́n lè máa pè ọ́ ní onímímọ̀ lo ṣe é, wọ́n sì ti pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀san rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láyé. Inú iná ni wọ́n sọ ọ́ sí. Ṣekárími ni orúkọ àrùn náà, kò sì sí iṣẹ́ tó rọrùn fún un láti wọ̀ bíi ti ẹni tó lè ka iye èèyàn tó yìn ín lójoojúmọ́. Mi ò mọ oògùn rẹ̀ ju pé kéèyàn ní iṣẹ́ rere kan nílẹ̀ tí kò sí òǹkàwé kankan tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Mo ní ọ̀kan fún yín lónìí. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (SAW) sọ pé àdúà tí mùsùlùmí bá ṣe fún ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ máa ń gbà, màláíkà kan wà níbi orí rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti tọrọ oore fún un ni màláíkà náà ń sọ pé, "Āmīn, kí ìwọ náà rí irú rẹ̀." Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, kí oòrùn tó wọ̀, àsìkò tí ọ̀pọ̀ onímímọ̀ gbà pé ibẹ̀ ni wákàtí ìgbàdúà ọjọ́ Jímọ̀ wà, ẹ dárúkọ ọ̀rẹ́ yín kan fún Ọlọ́hun, pàápàá èyí tẹ́ ẹ ti ń yàn lódì. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ń dùn ún ni kẹ́ ẹ bá a tọrọ. Ẹ má sọ fún un o, ẹ má sì kọ ọ́ síbì kankan.

Wassalāmu alaykum wa rahmatullāh.